Sányán àtijọ́ àti sányán ọjà òde òní: ṣé òwú kan náà ni?

AránṣọMúṣin:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa aṣọ òkè. Aṣọ méjì ló wà nílẹ̀, sányán sì ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ìró àti ìborùn tó ti pẹ́ nínú àpótí. Ó wúwo, kò dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn etí odò, bí ẹ bá sì fọwọ́ pa á, òwú rẹ̀ kò dọ́gba: ibì kan nípọn, ibì kan tín-ín-rín. Èkejì jẹ́ tuntun láti ọjà. Ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó ń kọ mọ̀nà-mọ̀nà.

Ẹni tó ni ín fẹ́ kí a tú ìró àtijọ́ yẹn, kí a to abala rẹ̀ mọ́ tuntun láti fi rán agbádá, kí a sì yọ gèlè kan lára rẹ̀. Kí ni wọ́n fi hun ọ̀kọ̀ọ̀kan? Báwo ni a ṣe lè dá a mọ̀ láìgba ẹnu ọlọ́jà gbọ́? Ṣé àwọn méjèèjì lè bá ara wọn gbé nínú aṣọ kan? Òórùn àpótí sì wà lára ti àtijọ́, ṣé a lè fi omi kàn án?

ỌmọOlófì:

Ẹ kú ìbéèrè. Orúkọ ló dúró, òwú ló yí padà. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá pe sányán, ẹtù tàbí àlàárì, òwú pàtó ló ń pè. Lónìí, orúkọ àwọ̀ ni wọ́n dà. Ọlọ́jà tó na aṣọ aláwọ̀ iyanrìn sí yín tó ní "sányán nìyí" kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Àwọ̀ ló ń sọ, ẹ̀yin sì ń gbọ́ òwú.

Sányán gidi, kòkòrò ló ń ṣe é. Kòkòrò onírun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe ni, tó bá dàgbà a di àfòpiná. Ewé igi ìrà wà lára ohun tó ń jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń kóra jọ kọ́ ilé kan ṣoṣo: èèpo líle wà lóde rẹ̀, ilé kéékèèké ti ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì há mọ́ra wọn nínú. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé fà láti ìbẹ̀rẹ̀ okùn dé òpin bí wọ́n ti ń fa ṣẹ́dà ti Ṣáínà. Wọ́n á kọ́kọ́ sè é nínú omi eérú fún wákàtí púpọ̀ kí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè bọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á ya á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó wá fi kẹ̀kẹ́ ìrànwú ràn án bí ìgbà tí wọ́n ń ran òwú oko. Bí wọn kò bá sè é tó, òwú á le gbagidi, á sì máa já lórí òfì. Bí wọn kò bá sì fọ irun kòkòrò náà kúrò dáadáa, ẹni tó ń ràn án á máa yún ara, ẹni tó wọ̀ ọ́ náà á yún ara. Ibi tó nípọn àti ibi tó tín-ín-rín tí ẹ fọwọ́ bà yẹn, ipa ọwọ́ ẹni tó ràn án ni. Wọn kò pa á láró rárá. Bí kòkòrò ti ṣe é ló ṣe wà.

Ẹ má rò pé gbogbo òwú inú aṣọ yẹn ni kòkòrò ṣe o. Wọ́n sábà máa ń fi òwú oko sí i, pàápàá jù lọ níbi tí ilà funfun bá wà. Aṣọ tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jẹ́ sányán tí ìyókù jẹ́ òwú oko kì í ṣe ayédèrú.

Àlàárì ní tirẹ̀, òkèèrè ló ti wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́dà pupa ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àjẹkù àwọn ilé-iṣẹ́ ṣẹ́dà Yúróòpù. Àwọn oníṣòwò ló ń kó o láti Tripoli, tí ràkúnmí ń rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Kano, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ wa. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àti rélùwéè gba ẹrù lọ́wọ́ ràkúnmí, ọ̀nà yẹn dákẹ́, àwọn ahunṣọ sì ń wá ohun mìíràn tó pupa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá rí i pé àwọn tó ń kígbe pé "òwú òkèèrè ti ba aṣọ òkè jẹ́" gbàgbé pé ọ̀kan nínú aṣọ mẹ́ta tó ga jù lọ kò tilẹ̀ ní òwú ilé tẹ́lẹ̀.

Ohun tó gba ipò wọn: àkọ́kọ́ ni òwú oko tí ẹ̀rọ ràn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni réyọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń fi igi tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi kẹ́míkà yọ́ ṣe. Ọdún 1892 ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Cross, Bevan àti Beadle gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà ṣíṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ Courtaulds sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà ní 1905. Ó ń dán bí ṣẹ́dà, owó rẹ̀ kò tó ti ṣẹ́dà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà fi ń pè é ní "sílíìkì" títí dòní. Lẹ́yìn náà ni akírílíìkì àti pọlíẹ́sítà, tí wọ́n ń ṣe láti inú epo rọ̀bì. Èyí tó ń kọ mọ̀nà nínú aṣọ yín tuntun, okùn Lurex tàbí irú rẹ̀ ni, tí àwọn èèyàn ń pè ní ṣáínì-ṣáínì. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1946. Kì í ṣe fàdákà, kì í ṣe wúrà: ọ̀rá pẹlẹbẹ ni, wọ́n bu alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i lára, wọ́n sì gé e tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn.

Ìdí tí àwọn ahunṣọ fi yí padà kò ju ìṣirò lọ. Bí abala kan bá fẹ̀ ní ínṣì 4, ìró tó fẹ̀ ní ínṣì 56 gba abala 14. Bí ìró náà bá gùn ní yáàdì 2, yáàdì 28 ni ahunṣọ ní láti hun, láìka ìborùn, gèlè àti bùbá. Gbogbo òwú ìta (èyí tí wọ́n ta gùn sórí òfì) tó wà nínú yáàdì 28 yẹn, ẹnì kan ní láti fọwọ́ ràn án lẹ́yọ lẹ́yọ. Òwú ọwọ́ tún nílò kí wọ́n fi ẹ̀kọ pa á kí ó le, kí ó tó lè gba ìnira òfì, torí pé gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ tí òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ sì gba ara wọn kọjá, wọ́n ń ha ara wọn. Ibi tó bá tín-ín-rín níbẹ̀ ló máa já. Òwú ẹ̀rọ dọ́gba, kì í fi bẹ́ẹ̀ já, ó sì ti ní àwọ̀ lára láti ilé-iṣẹ́.

ìṣánáAtiẸ̀mú:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ìtàn rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí n mú ti àyẹ̀wò. Ẹ fa òwú gígùn ínṣì 1 láti inú ìṣẹ́tí, níbi tí kò hàn. Ẹ fa ọ̀kan lára òwú ìta, kí ẹ fa ọ̀kan lára òwú inú ọ̀kọ̀ (èyí tó ń gba àárín òwú ìta kọjá), kí ẹ tún fa láti ilà kọ̀ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á gé ègé aṣọ, wọ́n á sun ún lápapọ̀, òórùn mẹ́ta á wá dàpọ̀.

Ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ gbé abọ́ omi sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì rọra sún un mọ́ iná àbẹ́là láti ẹ̀gbẹ́.

Bó bá jẹ́ sányán tàbí ṣẹ́dà, á ká kò kúrò lọ́dọ̀ iná, á máa jó díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá sì gbé e kúrò, á fẹ́ kú fúnra rẹ̀. Òórùn irun tó jóná ni ẹ máa gbọ́. Ohun tó kù á jẹ́ kóró dúdú tí ìka lè tẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú.

Òwú oko kì í ká kò. Á gbiná kíá, òórùn bébà tó jóná, iná pupa á ṣì máa rìn lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ iná bá kú, eérú rẹ̀ á sì fúyẹ́, á funfun bí eérú sìgá. Réyọ́ọ̀nù ń jó bíi tirẹ̀ gan-an, eérú rẹ̀ ló kéré. Iná kò lè ya àwọn méjèèjì fún yín, omi ló máa yà wọ́n: ẹ rẹ òwú méjì láti ibì kan náà, ọ̀kan gbẹ, ọ̀kan tutù, kí ẹ fà wọ́n já. Réyọ́ọ̀nù tutù máa já wẹ́rẹ́, torí omi ń gba púpọ̀ nínú agbára rẹ̀. Òwú oko kì í rọ̀ nínú omi. Ó tilẹ̀ ń lágbára sí i.

Pọlíẹ́sítà á yọ́, á máa kán, á di kóró líle tí èékánná kò lè fọ́. Akírílíìkì náà á yọ́, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ burú jù, èéfín rẹ̀ sì dúdú, kóró rẹ̀ á rí gbágungbàgun. Ṣáínì-ṣáínì kò tilẹ̀ dúró de iná. Ooru lásán á ti ká a jọ. Ẹ ò nílò iná fún ìyẹn: ẹ wò ó dáadáa, ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí ọ̀já, kò lọ́ bí òwú.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, ẹ lo omi ìfọṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní háípò tàbí Jik. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun 1 sínú kọ́ọ̀bù gíláàsì, láìfi omi là á, kí ẹ ju òwú kan sí i. Òwú tí kòkòrò ṣe á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30 á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Òwú oko, réyọ́ọ̀nù àti pọlíẹ́sítà á ṣì wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ wọn lè ṣí. Ojú fèrèsé ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí fínígà dé inú kọ́ọ̀bù yẹn láéláé; afẹ́fẹ́ kọlorínì tó máa jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

ÌróTiÌyá:

Ká má tan ara wa. Aṣọ tó bá ti ní ọ̀rá nínú kì í ṣe aṣọ òkè mọ́. Ẹ tà á lórúkọ mìíràn.

ỌmọOlófì:

Òfì ló ń sọ aṣọ di aṣọ òkè, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá fi ti òwú lé e jáde, àlàárì gan-an á bá a lọ. Ibi tí mo ti gbà fún yín ni orúkọ: kí ẹni tó ń tà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Àwọ̀ sányán, òwú ẹ̀rọ, ṣáínì-ṣáínì díẹ̀" kò gùn jù lẹ́nu.

AláróÌtokú:

Aránṣọ kò béèrè nípa ẹtù, àmọ́ ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ju ti sányán lọ, torí iná kò lè tú àṣírí rẹ̀. Òwú oko ni ẹtù àtijọ́, òwú oko náà ni ọ̀pọ̀ ẹtù òní. Aró ló yàtọ̀.

Ẹtù ìṣáájú, òwú ni wọ́n kọ́kọ́ pa láró kí wọ́n tó gbé e lọ sórí òfì. Wọ́n á gún ewé ẹ̀lú, wọ́n á rọ ọ́ ní ìṣù, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú ìkòkò omi eérú, tí á máa kan fún bí ọjọ́ 7. Òwú tó bá jáde níbẹ̀ á rí bíi tútù ewé, afẹ́fẹ́ ni yóò sọ ọ́ di búlúù. Ìgbà kan tàbí méjì péré á mú àwọ̀ òfuurufú wá. Kí ó tó dúdú bí ẹtù, ó gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò lọ, wọ ìkòkò bọ̀, kí ó máa gbẹ láàárín. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ lára ẹtù, òwú kan náà ni pẹ̀lú èyí tó ṣú. Iye ìgbà tí wọ́n rì í ló yà wọ́n. Bí omi eérú kò bá múná tó, aró kò ní yọ́, omi dúdú lásán ni òwú á mu, á sì ṣàn dànù nígbà tí wọ́n bá ṣan án.

Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró ẹ̀lú tí wọ́n ṣe látinú kẹ́míkà. Ohun kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà nínú ewé, nítorí náà kò sí bí ojú lásán ṣe lè yà wọ́n. Ohun tó yí ìkòkò padà jù ni kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì, kẹ́míkà méjì tí àwọn aláró ń lò: ohun tí eérú àti kíkan ń fi ọjọ́ 7 ṣe, àwọn méjèèjì á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ewu rẹ̀ wà nínú kọ́sítíìkì. Òwú oko lè fara dà á. Ẹ má ri sányán tàbí àlàárì bọ inú rẹ̀ láti "sọ àwọ̀ rẹ̀ jí" o. Á jẹ òwú náà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aró ẹ̀lú ni tàbí aró mìíràn ti ilé-iṣẹ́, ẹ tú lílọ́ òwú kan, kí ẹ wo àárín rẹ̀. Aró ẹ̀lú máa ń dúró sí èèpo òwú, àárín á mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Aró tó bá wọ òwú jálẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹ̀lú. Èèpo tó dúró sí yìí náà ló fà á tí ẹtù gidi fi ń kun aṣọ funfun tí wọ́n bá wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, àní lẹ́yìn ogún ọdún. Àbùkù kọ́ nìyẹn.

AránṣọMúṣin:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti sun ún. Ti àtijọ́: òwú ìta rẹ̀ rùn bí irun, kóró rẹ̀ fọ́ lọ́wọ́, àfi ilà funfun tó rùn bí bébà. Ti tuntun: òwú oko tàbí réyọ́ọ̀nù ní ìta, ṣáínì-ṣáínì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òwú inú ọ̀kọ̀ sì yọ́ di kóró líle. Ó ku fífọ̀ àti rírán.

Ìṣẹ́tíKòTú:

Ó dára. Sányán gidi pẹ̀lú òwú oko ni ti àtijọ́, tuntun sì jẹ́ àdàlú tó ní pọlíẹ́sítà nínú.

Kí ẹ tó ronú omi, ẹ na aṣọ àtijọ́ náà sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ po láti ọjọ́ yìí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ gba ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ, òwú ti ń ṣẹ́ níbẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣeé fọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, òórùn àpótí á lọ.

Bó bá lágbára, omi tútù nìkan, nínú ọpọ́n tó gba aṣọ náà láìká a jọ. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun tútù tẹ gbogbo ilà aláwọ̀. Bí àwọ̀ bá ran aṣọ funfun, ẹ dá fífọ̀ dúró. Pupa àlàárì ló burú jù nínú èyí, á fi àwọ̀ osùn kun gbogbo ara aṣọ. Ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti ìwẹrun ni kí ẹ lò. Kì í ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹ̀yin kan á ní ṣebí omi eérú ni wọ́n fi sè é níbẹ̀rẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn, oje ló wà lára rẹ̀ tí eérú ń jẹ. Oje ti tán báyìí. Bí ọṣẹ eérú bá tún dé, òwú gan-an ló kàn. Ẹ má fọwọ́ lọ́ ọ láti fún omi rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú omi fún ìṣẹ́jú 5, ẹ pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì, kí omi ìkẹyìn ní fínígà ṣíbí ìjẹun 2 nínú lítà 5. Ẹ fi táwẹ̀lì ká a, ẹ tẹ omi kúrò, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ nínú ibòji. Bí ẹ bá fi kọ́ orí okùn, ìwúwo omi á fa abala gùn láìdọ́gba.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ funfun wé e, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù. Kòkòrò tó ń jẹ irun àti awọ a máa jẹ sányán náà, torí náà ẹ fi káńfọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ di káńfọ̀ náà sínú aṣọ, kí ó má kan òwú.

Ní ti àpapọ̀: a lè ṣe é, àmọ́ ẹ wọn kíkákò kọ́kọ́. Ẹ fàlà sí sẹ̀ǹtímítà 10 lórí ègé tuntun, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá dín mìlímítà 3, abala yáàdì 2 á dín bí ínṣì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rán irú èyí mọ́ àtijọ́ tí kò dín mọ́, ojú agbádá á sún kì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá kan omi. Inú tuntun gan-an lè máa bá ara rẹ̀ jà: òwú oko á kákò, ṣáínì-ṣáínì kò ní kákò, á wá máa yọ jáde ní lúpù-lúpù. Ẹ rẹ gbogbo tuntun kí ẹ tó gé e.

Áyọ́ọ̀nù: àmì kan péré (ooru tó kéré jù) fún tuntun, kí aṣọ funfun sì wà láàárín. Bó bá gbóná jù, ṣáínì-ṣáínì á ká jọ, kò sì sí àtúnṣe. Ọṣẹ alágbára, kọ́sítíìkì àti òógùn ara náà ń jẹ alumíníọ̀mù ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí abẹ́ apá fi máa ń kọ́kọ́ ṣú.

Ẹ fọwọ́ tú ìránpọ̀ abala àtijọ́, ẹ má fi abẹ fà á. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 tuntun, ìgbésẹ̀ mìlímítà 3. Ìgbésẹ̀ kéékèèké á fi ihò gbẹ́ òwú àtijọ́, á wá ya lójú ìlà bíi tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi láínìnì òwú oko fẹ́lẹ́ sí abẹ́ gbogbo ibi tí sányán bá wà, kí láínìnì ló máa ru ìwúwo agbádá. Ẹ má fi sányán sí èjìká. Àyà àti àpò ló yẹ ẹ́.

Gèlè ni kí ẹ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lé lórí. Sányán àtijọ́ rọ̀, kò ní dúró bí wọ́n ti ń wé gèlè òde òní, fífà àti pínnì ló sì máa pa á. Kí ó gba fìlà: fún orí ínṣì 22, ègé 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì 10 ló máa yí i ká, ínṣì 60 lápapọ̀. Abala kan ṣoṣo tó gùn ní yáàdì 2 á fún yín ní ínṣì 72, ínṣì 12 tó ṣẹ́ kù á sì tó fún ṣíṣe àtúnṣe ibi tó bá ṣẹ́.